Ọ̀rọ̀ Onílé àti Ayálégbé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Ọ̀dọ̀ Ta Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbé E Lọ?

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ku bí oṣù méjì kí Iléyá dé, ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ìdajì abala ìwé ẹ́sáísì lé mi lọ́wọ́. Báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: “Mo fún yín ní oṣù kan péré kí ẹ kó jáde nínú ilé wa.” Wọn ò kọ ọjọ́ tí oṣù náà bẹ̀rẹ̀, wọn ò kọ ọjọ́ tó máa parí. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹni tí ìyá náà ti ń san owó ilé fún láti ọdún mẹ́sàn-án. Àbúrò onítọ̀hún tó ń gbé Èkó ló buwọ́ lù ú.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti gba ìmọ̀ràn mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òfin ti ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní kó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ajẹ́ǹtì tó bá a wá ilé náà níjọ́sí ní òun mọ lọ́yà kan, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mú owó wá ná.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CDA, mo sì ní ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Ṣágámù tí mo fi háyà. Mo ti gbé ilé onílé rí fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà, mo mọ bó ṣe ń dun tọ̀tún tòsì. Ohun tí mo ti rí ni pé ibi tó sún mọ́ wa jù, tàbí ibi tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, la máa ń sáré lọ, láì tíì bi ara wa léèrè ohun tí à ń wá: ṣé ìmọ̀ òfin ni, ṣé ìlàjà ni, ṣé owó ni, àbí ilé fúnra rẹ̀? Ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn rí ọ̀kan kì í sábà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bá a rí èkejì.

Òfin tí ẹ rí lórí fóònù àti òfin tó kàn yín

Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ayálégbé sórí Google. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó máa jáde, òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2011 ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un jáde pé onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin tó dára ni, àmọ́ òfin Èkó ni. Kódà kò kan gbogbo Èkó pàápàá: wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí kò dé Ìkòyí, báwo ni yóò ṣe dé Ìpẹru?

Ohùn tí ọmọ ìyá yẹn fi ránṣẹ́, inú òfin Èkó ló ti kà á. Kò parọ́, ìlú tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kì í ṣe ìlú tí ìyá rẹ̀ ń gbé.

Ní ti wa níbí, òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn lórí gbígba ilé padà ló kàn wá, pẹ̀lú àwọn òfin tí a jogún láti ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Ọ̀kan nínú ogún yẹn ni òfin ọdún 1959 lórí dúkìá àti ìwé dúkìá. Ó fàyè gba kí èèyàn háyà ilé pẹ̀lú àdéhùn ẹnu lásán, bí àsìkò náà kò bá ju ọdún mẹ́ta lọ tí ayálégbé sì ti kó wọlé. Torí náà, ẹni tí kò ní àgírímẹ́ǹtì kankan kì í ṣe àlejò nínú ilé. Ayálégbé ni lójú òfin, rìsíìtì rẹ̀ sì ni ẹ̀rí rẹ̀.

Bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ ohun mìíràn, bó ṣe máa ń lọ nìyí: ẹni tó ń san lóṣooṣù, ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà. Bí ìyẹn bá parí tí kò jáde, ìkìlọ̀ ọjọ́ méje yóò tẹ̀ lé e, tó ń sọ pé onílé fẹ́ gba kóòtù lọ. Bó bá jẹ́ pé ọdún tí àdéhùn dá ti pé fúnra rẹ̀ tí wọn ò sì tún un ṣe, ìkìlọ̀ ọjọ́ méje yẹn nìkan ló sábà máa ń kù. Ìwé oṣù kan fún ìyá tó ti ń san lọ́dọọdún láti ọdún mẹ́sàn-án kò bá èyíkéyìí nínú wọn mu.

Ẹ má wá rò pé àṣìṣe inú ìwé lè fi ilé jíǹkí ayálégbé títí láé. Lọ́dún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ ṣàkó pé ayálégbé tó jẹ gbèsè tó sì ń sá pamọ́ sẹ́yìn àléébù inú ìwé ìkìlọ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ: nígbà tí ìwé ẹjọ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ti gba ìkìlọ̀ nìyẹn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó bá rò pé àwọn ti rí ìwé onílé tó wọ́, torí náà àwọn ò ní san kọ́bọ̀ mọ́.

Ta ló wá lè sọ òfin Ògùn fún yín láì gbowó? Ẹ lè lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísítírà, ìyẹn akọ̀wé kóòtù, ní kóòtù Májísíréètì, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù. Wọ́n á sọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò àti iye tí ìwé ẹjọ́ ń gbà fún yín. Wọn ò ní sọ bóyá ẹ máa borí. Iṣẹ́ wọn kọ́ nìyẹn, ẹni tó bá sì sọ ọ́ fún yín nítòsí kóòtù láì jẹ́ lọ́yà, ẹ ṣọ́ra fún un. Ètò òfin lórí rédíò dára fún ẹni tó fẹ́ mọ orúkọ nǹkan. Kò dára fún ẹni tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí, nítorí láàárín ìṣẹ́jú méjì, lọ́yà orí rédíò kò lè ka àgírímẹ́ǹtì yín.

Àgbà àdúgbò tàbí lọ́yà?

Ibi tí mo ti máa pẹ́ jù nìyí, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù, yálà owó wọn ni tàbí àlàáfíà wọn.

CDA, baálẹ̀, olórí àdúgbò, àlùfáà tàbí pásítọ̀ tí ẹ jọ mọ̀: ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí ọ̀rọ̀ àwọn tí yóò ṣì jọ máa gbé kọ́kọ́ dé. Ọ̀rọ̀ iná ni mo sábà máa ń rí. Mítà kan, yàrá mẹ́fà. Ẹnì kan ní fíríìsà tó fi ń ṣe áìsì bílọ́ọ̀kù tà, ẹlòmíràn ní gílóòbù kan àti fáànù, ẹgbàá-ẹgbàá ni gbogbo wọn sì ń dá. Bí wọ́n bá gbé ìyẹn dé kóòtù, owó ọkọ̀ wọn nìkan á ju owó iná ọdún kan lọ. Lábẹ́ igi ọsàn wa, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbà. Mo kọ nǹkan tí oníkálukú ń lò sínú ìwé, a pín owó, ẹni tó ni fíríìsà ráhùn, ó sì san án. Ọ̀rọ̀ ṣálángá tó kún, ti ẹni tó fi ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé aládùúgbò, ti onílé tó gbójú fo òrùlé tó ń jò, irú wọn báyìí ni CDA lè yanjú ju lọ́yà èyíkéyìí lọ.

Àmọ́ ẹ wo àléébù wa náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń wá sí ìpàdé CDA, onílé ni wọ́n. Ayálégbé tó bá dúró níwájú wa, iwájú àwọn ẹgbẹ́ onílé rẹ̀ ló dúró sí. A máa ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Èkejì, a ò ní àṣẹ láti lé ẹnikẹ́ni jáde nílé. CDA tó bá fún ayálégbé ní gbèdéke tó sì fi ọmọ àdúgbò halẹ̀ mọ́ ọn ti kọjá àyè rẹ̀. Ìkẹta, bí a bá ti yanjú ọ̀rọ̀ tán, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tọ̀tún tòsì buwọ́ lù ú, ẹ gba ẹ̀dà tiyín. Àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Èyí tí gbogbo èèyàn kàn “gbọ́”, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ.

Ọ̀ràn ilé ẹbí tún yàtọ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ilé tó dára tó wà láàárín ìlú, ilé bàbá ẹnì kan ló sábà máa ń jẹ́. Bàbá ti kú, àwọn ọmọ wà ní Èkó, Ìbàdàn àti London, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba owó nílé. Ọjọ́ tí ìjà bá bẹ́ láàárín wọn, orí ayálégbé ló máa ń bọ́ sí: ẹ̀gbọ́n á gba owó, àbúrò á kọ ìwé ìkìlọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n á yọ pọ́ǹpù omi. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí lọ́yà, ẹ wá olórí ẹbí lọ. Òun ni òfin ìbílẹ̀ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú dúkìá ẹbí. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ta ni kí n máa san owó fún, ta ló sì ní àṣẹ láti kọ̀wé sí mi? Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá gbogbo wọn nílé pọ̀, ẹ ṣọ́ àsìkò Iléyá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ ọmọ onílé ń wálé fún Ojúde Ọba, ìpàdé ẹbí sì máa ń wáyé láàárín aṣọ wíwọ̀ àti ẹran jíjẹ.

Ẹ gbé ọ̀ràn yín tọ lọ́yà lọ nígbà tí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ ilé fúnra rẹ̀, tàbí owó tó ti di gbèsè ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹnì kejì bá ti fi lọ́yà kọ̀wé sí yín. Lẹ́tà lọ́yà kò tọ́ kí CDA fèsì sí i.

Àṣìṣe tèmi nìyí. Ayálégbé mi kan ní Ṣágámù jẹ mí ní owó ọdún kan ó lé. Mo kọ ìwé ìkìlọ̀ fúnra mi, oṣù mẹ́fà pé, ó bẹ̀ mí, ó mú owó oṣù méjì wá, mo gbà á. Mo tiẹ̀ kọ rìsíìtì fún un, mo kọ “owó ilé” sórí rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ lọ́yà níkẹyìn, ó wo rìsíìtì yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeé ṣe kí n ti fọwọ́ ara mi fa ìwé ìkìlọ̀ náà ya, nítorí mo ti gba owó ilé lẹ́yìn tí ó parí, bí ẹni pé mo tún gbà kó máa gbé. A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Owó tí mi ò fẹ́ fún lọ́yà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí mo pàdánù. (Àwa Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ wá.)

Lọ́yà tí ẹ sanwó fún, lọ́yà ọ̀fẹ́, àti àwọn tó wà láàárín

Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣágámù. Bí ẹ ò bá mọ lọ́yà kankan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè, kì í ṣe lọ́dọ̀ ajẹ́ǹtì. Ajẹ́ǹtì ń jẹ kọ́mísọ́ọ̀nù níbi tí ilé bá ti ń pààrọ̀ ọwọ́, torí náà àǹfààní rẹ̀ àti tiyín kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo lẹ́tà tí lọ́yà bá kọ dáadáa: lọ́yà gidi ní òǹtẹ̀ NBA tó ń lẹ̀ mọ́ ìwé. Ẹ béèrè owó kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ya owó lẹ́tà kan sọ́tọ̀ kúrò lára owó ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀ràn ayálégbé ò ju lẹ́tà kan lọ.

Àjọ Legal Aid Council jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Òfin wọn ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́; láti ọdún 2024, ₦70,000 ni owó yẹn. Ọ̀pọ̀ ayálégbé tó ń gbé yàrá kan wọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé kò wọ̀ ọ́. Bí tiyín bá lé díẹ̀, òfin náà fún wọn láyè láti ṣe ojú àánú tàbí kí wọ́n ní kí ẹ dá díẹ̀ sí i. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ wọn wà ní Abẹ́òkúta, torí náà ẹ ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ sì mú sùúrù dání: ọ̀fẹ́ ni, èrò rẹ̀ sì pọ̀.

FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, dára jù fún obìnrin tó jẹ́ pé ọ̀ràn ilé rẹ̀ wé mọ́ ọkọ tàbí ọmọ. Bí àpẹẹrẹ, ọkọ ló háyà ilé, ọkọ ti lọ, onílé sì ń sọ pé òun ò mọ obìnrin náà rí. Legal Aid lè gbà á, ṣùgbọ́n irú ọ̀ràn báyìí ni FIDA ń gbọ́ lójoojúmọ́.

Ní ti àwọn ọmọ ilé-ìwé: yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin, Babcock ti Ìlíṣàn náà ní. Akẹ́kọ̀ọ́ tí onílé rẹ̀ kọ̀ láti dá owó kọ́ṣọ̀n (owó tí ayálégbé fi sílẹ̀ nítorí ohun tó bá lè bàjẹ́ nínú ilé) padà fún, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ òfin ilé-ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n ní ibùdó tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń ran ará ìlú lọ́wọ́ lábẹ́ olùkọ́. Wọn ò lè dúró fún yín ní kóòtù, ṣùgbọ́n wọ́n lè ka àgírímẹ́ǹtì yín kí wọ́n sì kọ lẹ́tà tó mọ́gbọ́n dání. Fún owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn sábà máa ń tó.

Ọlọ́pàá, àti àwọn tó ń yọ ilẹ̀kùn

Kúkúrú ni mo máa sọ èyí. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ tàbí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Owó ilé, gbèsè ni, kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Onílé tó gbé ayálégbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí owó ilé ń ná owó sí ibi tí kò ti lè rí ilé rẹ̀ gbà. Ayálégbé tó fẹ́ kí ọlọ́pàá fagi lé ìwé ìkìlọ̀ náà ń ṣe irú àṣìṣe kan náà. Ìdí tó fi yẹ kí ẹ lọ síbẹ̀ ni ìwà ọ̀daràn: wọ́n lù yín, wọ́n halẹ̀ ikú mọ́ yín, wọ́n jí ẹrù, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ilé.

Ẹni tó bá sì yọ ilẹ̀kùn, tó ṣí páànù, tó gé iná tàbí tó fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ti ẹrù ayálégbé mọ́nú, òun ló máa ń ṣe ara rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ń tẹnu mọ́ ọn léraléra pé onílé ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ilé. Kóòtù ló máa pàṣẹ, bẹ́ílífù, òṣìṣẹ́ kóòtù, ló máa ṣe é. Mo ti rí onílé tí ayálégbé jẹ ní owó, tó tún wá di ẹni tó ń san owó ìtanràn fún ayálégbé ọ̀hún, nítorí ilẹ̀kùn kan.

Kóòtù fúnra rẹ̀

Kóòtù nìkan ló lè gba ilé padà fún onílé tí ayálégbé kọ̀ láti jáde. Iye owó ilé lọ́dọọdún ló máa sọ bóyá Májísíréètì tàbí Ilé Ẹjọ́ Gíga lẹ máa lọ, lọ́yà tàbí rẹ́jísítírà á sì sọ èyí tó kàn yín. Nínú ẹjọ́ kan náà, onílé lè béèrè ilé, gbèsè owó ilé, àti owó ìlò ilé títí di ọjọ́ tí ayálégbé bá kó jáde. Ó máa ń pẹ́. Nígbà tí ayálégbé bá mọ̀ pé òun ti jẹ̀bi, ohun tó sàn jù fún un ni kó dúró níwájú adájọ́ kó sì béèrè àkókò tó mọ́gbọ́n dání. Mo ti rí i tí wọ́n fún èèyàn ní oṣù mẹ́ta nítorí ó sọ òtítọ́.

Ibikíbi tí ẹ bá ń lọ nínú gbogbo ibi tí mo dárúkọ, nǹkan kan náà ni wọ́n máa béèrè: àgírímẹ́ǹtì bó bá wà, rìsíìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rí owó tí ẹ fi báǹkì san, àti ìwé ìkìlọ̀ náà. Bí ẹ bá gba ìwé kankan, ẹ kọ ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá oní-gàrí mú rìsíìtì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wá nínú náílọ̀n dúdú kan tí wọ́n dì bí ẹ̀kọ. Èyí tó ti pẹ́ jù ti pọ́n bí ewé àgbàdo, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gbọ́n wà lórí gbogbo wọn. Kò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lọ́yà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ lẹ́tà olójú-ewé kan sí olórí ẹbí. Nígbà tí wọ́n péjọ fún Ojúde Ọba, bàbá náà béèrè lọ́wọ́ àbúrò ibi tó ti rí àṣẹ tó fi kọ̀wé. Àbúrò ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, ibẹ̀ lòun fẹ́ kó máa gbé. Kò sí ẹni tó bá a jà. Wọ́n kọ ìwé mìíràn, oṣù mẹ́fà, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà lórí rẹ̀, olórí ẹbí buwọ́ lù ú.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn ni ìyá náà kó jáde, lọ sí ilé kan ní ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ̀dà àgírímẹ́ǹtì méjì ló kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé tuntun. Ìdajì ìwé ẹ́sáísì yẹn ṣì wà nínú náílọ̀n dúdú, lórí rìsíìtì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.